«Àsomọ́ ààyè» kọ́ ni: ọ̀rọ̀ lórí tábìlì Excel tó ń gbé inú Word

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe tábìlì Excel tí a mú wọ inú Word, tó sì ń yí padà bí Excel bá ṣe yí, ní «àsomọ́ ààyè». Èmi ò fara mọ́ ọn látòkè délẹ̀.

«Ààyè» kan náà la fi ń pe ibi tó ṣófo lórí ìwé. Ẹni tó bá ka «àsomọ́ ààyè» á máa wá ibi tí wọ́n ní kó kọ nǹkan sí. Nǹkan ọ̀hún ò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ wà láàyè: nínú Google Docs pàápàá, tí a bá mú tábìlì Google Sheets wọ ibẹ̀, bí a ò bá tẹ Update, iye àná ló máa wà níbẹ̀.

«Àsomọ́» ló léwu jù. Fáìlì tó ń bá ímeèlì rìn ti gbà á, ó sì da nǹkan méjì pọ̀. Nínú Paste Special ti Word, bí ẹ bá mú Paste pẹ̀lú Microsoft Excel Worksheet Object, gbogbo ìwé Excel náà ló kó wọlé. Bí ẹ bá mú Paste link, ibi tí fáìlì wà àti àwòrán iye tó kẹ́yìn ló wọlé. Akọ̀wé ilé-ìwé tó bá ṣi àkọ́kọ́ mú, tó fi tábìlì owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí òbí, òbí á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì bá owó oṣù àwọn tíṣà ní Sheet3. Ṣé orúkọ kan ló yẹ kí méjèèjì máa jẹ́?

Mo ní ká pe àkọ́kọ́ ní «àfibọ̀», èkejì ní «àsokùn». Ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ ní Agbowó tó ní «línkì ẹ̀ ti já» ti fi okùn sínú ọ̀rọ̀ kí àwa tó dé. Gbé fáìlì Excel kúrò níbi tó wà, okùn já. File, Info, Edit Links to Files, Change Source: a tún un so. Ctrl+Shift+F9: a tú u, iye ibẹ̀ ò ní yí mọ́. «Ìjápọ̀» ti Wikipedia Yorùbá dáa fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ sọ «ìjápọ̀ náà ti já» kí ẹ gbọ́ ọ wò.

Nígbà mìíràn, okùn ò já, ibi tí wọ́n so ó mọ́ ló yẹ̀. Ẹ tẹ Alt+F9, ẹ ó rí LINK, ọ̀nà fáìlì, àti nǹkan bíi Sheet1!R2C1:R9C4: ìlà 2, òpó 1, dé ìlà 9, òpó 4. Bí ẹnìkan bá fi ìlà kan kún un láàárín nígbà tí Word wà ní títì, Word ò ní mọ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, tí àpapọ̀ sábà máa ń wà, á bọ́ síta. Ẹ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lórúkọ nínú Excel, ẹ fi orúkọ yẹn rọ́pò Sheet1!R2C1:R9C4 nínú Word, kí ẹ wá tẹ F9 kí iye ibẹ̀ lè di tuntun.

Àwọn kan ti ń pe orúkọ sẹ́ẹ̀lì yẹn ní «orísun». Rárá o, fáìlì Excel lódindi ni orísun. Èyí, «èèkàn» ni: ìlà ìbáà pọ̀ sí i, okùn ṣì mọ ibi tí wọ́n so ó mọ́.