Ta ló yan àwọ̀ inú The Last Emperor: Bertolucci ni àbí Storaro?

Ojú Sinimá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo tún wo The Last Emperor lálẹ́ àná. Nígbà tí Pu Yi, ọba ìkẹyìn ilẹ̀ China, gé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pupa ẹ̀jẹ̀ yẹn gba gbogbo ojú mi. Ìgbà tí olùkọ́ òyìnbó rẹ̀ wá dé, àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ṣé Bertolucci tó darí fíìmù ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, àbí Vittorio Storaro tó ya àwòrán rẹ̀?

Àgbà Kámẹ́rà:
Storaro ni. Bertolucci fọwọ́ sí i, àmọ́ orí Storaro ni èrò náà ti wá. Ó fún ìgbà kọ̀ọ̀kan láyé ọba náà ní àwọ̀ tirẹ̀: pupa fún ìbí, àwọ̀ ọsàn fún ilé àti ẹbí, títí dé àwọ̀ ewé tí í ṣe ti ìmọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé olùkọ́ ló gbé e wọlé.

Iṣẹ́ yìí ti wà nínú ilé àwọn Storaro. Róòmù ni wọ́n bí i sí ní 1940, bàbá rẹ̀ ló sì ń fi ẹ̀rọ gbé fíìmù sójú aṣọ funfun ní Lux Film, ilé iṣẹ́ fíìmù kan. Lọ wo The Conformist (1970), tí Storaro yà fún Bertolucci, níbi tí Marcello, olú ẹ̀dá ìtàn náà, ti wà ní yàrá ìkàwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Quadri ní Paris. Marcello pa fèrèsé dé, yàrá ṣú, àwọn méjèèjì wá ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n inú ihò tí Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, sọ, àwọn tó jẹ́ òjìji nìkan ni wọ́n ń rí. Òjìji Marcello náà sì rèé gbọọrọ lára ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ya wọlé, òjìji pòórá. Àìmọye ìgbà ni mo ti wo ibẹ̀, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Ìyá Àwòrán:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọ̀ dúdú kún un. Ní Technicolor, ilé tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, ní Róòmù, Ernesto Novelli Rimo bá Storaro wá ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní ENR: wọn ò ní jẹ́ kí gbogbo fàdákà inú fíìmù ṣàn lọ nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Fàdákà tó ṣẹ́ kù ló ń mú kí dúdú dú kirikiri. Reds (1981) ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, òun ló sì gba Oscar kejì fún un, lẹ́yìn Apocalypse Now.

Ojú Sinimá:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ó lo kámẹ́rà dígítà rí?

Àgbà Kámẹ́rà:
Ó lò ó. Café Society (2016), ti Woody Allen, ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún 75 sì ni nígbà tí wọ́n ń yà á. Wo bí Hollywood ṣe ń tàn bíi wúrà níbẹ̀, tí Bronx, àdúgbò kan ní New York, sì ṣá lójú.