Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: dìrẹ́ktọ̀ ilé-ìwé ní kí n mú ẹni tí á máa jókòó ti ọmọ mi wá

Ìyá Kàmílù, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 7, kò ké nígbà tí mo bí i, àtìgbà náà ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ti le, ó ń rìn àmọ́ ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ náà kì í tètè yé èèyàn. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀ pé o! Tí mo bá ń ka owó tòmátì lálẹ́ òun ló máa ń sọ pé màmá, ó ku 200. CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló wà nílé-ìwé ìjọba ládùúgbò wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin níbí, wọ́n ju 60 lọ nínú kíláàsì, mẹ́tùrù, ìyẹn olùkọ́, kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ọwọ́ kan ò lè tú bọ́tìnnì kákí ẹ̀, kó tó rẹ́ni ràn án lọ́wọ́ ó ti tọ̀ sára, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi jáde. Dìrẹ́ktọ̀ ní òun ò lé e o, àmọ́ kí n mú ẹni tí á máa jókòó tì í wá, àbí kó ṣì wà nílé ná. Ta ni mo fẹ́ mú? Èmi wà lọ́jà Ouando, bàbá ẹ̀ ń wa zém, ọ̀kadà tó ń gbé èrò. Àǹtí kan ní ìjọba máa ń fún ilé-ìwé ní àwọn tó ń ran irú ọmọ báyìí lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni wọ́n ti ń béèrè ẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Sábẹ̀:
Ẹ mú u lọ Louho, Àjàṣẹ́ yín níbẹ̀ náà ni, ilé-ìwé wọn wà níbẹ̀.

Mẹ́tùrù Kétu:
Ẹ̀gbọ́n, ti àwọn adití ni Louho, ọmọ yìí sì ń gbọ́ràn ketekete. Ìyá Kàmílù, mi ò ní parọ́ fún yín, mo ti kọ́ CI ọdún 6 nítòsí Kétu níbí, ẹni tí ìjọba ń sanwó fún kó kàn máa ran ọmọ lọ́wọ́ láti jẹun tàbí lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, mi ò tíì rí i níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Àwọn AME, olùkọ́ oníwèé àdéhùn, ni wọ́n ń rán sí wa, ìwé ni àwọn yẹn wá kọ́ ọmọ, àwọn gan-an ò tó. Àmọ́ òfin wà o, 2017-06 ti September 29, 2017, ó ní ọmọ aláàbọ̀ ara lẹ́tọ̀ọ́ láti kàwé, torí náà ẹ má fi í sílé. Ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí dìrẹ́ktọ̀, ẹ mú kọ́pì kan lọ sí circonscription scolaire, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé àgbègbè yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wò ó yàtọ̀.

Bàbá Ìbejì, Sábẹ̀:
Ẹ má bínú o, mi ò mọ̀. Àmọ́ tí ìwé bá le jù, ṣé kò lè kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ni?

Ìyá Rúká, Àjàṣẹ́:
Ọwọ́ kan ni kó fi máa ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, bàbá? 😂

Àǹtí Dublin:
Ọmọ Àjàṣẹ́ lèmi náà. Ó jọ pé ti ìhín ni àǹtí tí ẹ sọ yẹn gbọ́. SNA ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ran irú ọmọ báyìí lọ́wọ́ ní Ireland, NCSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ló ń pín wọn. Ìyá ọmọ kọ́ ló ń béèrè, ilé-ìwé ló ń kọ̀wé, òṣìṣẹ́ NCSE kan tí wọ́n ń pè ní SENO ló ń wo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn SNA ju 20,000 lọ, síbẹ̀ ẹ má rò pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ilé-ìwé ni wọ́n ń fún, ọmọ mélòó kan á sì jọ máa lò ó. Kì í kọ́ wọn níwèé, oúnjẹ, ṣálángá, ìrìn, ìyẹn niṣẹ́ ẹ̀. Tí àwọn ọmọ tó nílò ẹ̀ bá dín kù, wọ́n lè gbà á padà, àwọn òbí ibí náà ń pariwo o.

Ìyá Rúká, Àjàṣẹ́:
Ìyá Kàmílù, tèmi náà ò lè dá ṣe nǹkan. Ẹ ní kí télọ̀ yọ bọ́tìnnì yẹn, kó ki rọ́bà sí ìdí ṣòkòtò, ọwọ́ kan tó fà á sílẹ̀. Ọmọ yín ò nílò ẹni tó máa jókòó tì í láti aago 8 dé 12, ìgbà ìsinmi ni wàhálà wà. Màmá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì wọn lèmi bá sọ̀rọ̀, nǹkan díẹ̀ ni mò ń fún un lọ́sẹ̀, òun ló ń bá mi mú Rúká lọ tọ̀. Ẹ dé GUPS náà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ fún ará ìlú, ibi tí a ń pè ní CPS tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Mi ò ní wọ́n máa fún yín lówó o.

Ìyá Kàmílù, Àjàṣẹ́:
Rọ́bà! Gbogbo ọjọ́ tí mo fi sunkún yìí, rọ́bà ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Télọ̀ ti gba ṣòkòtò méjèèjì báyìí. Mẹ́tùrù, lẹ́tà yẹn, ṣé mo lè fi Yorùbá kọ ọ́?

Mẹ́tùrù Kétu:
Faransé ni wọ́n máa kà o. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́, kí ẹ ròyìn gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, màá bá yín kọ ọ́.