Ìtọ̀ ni mo ní ká lọ gbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ láti bá aboyún tí ọkọ rẹ̀ ń lù sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ọkọ gbọ́. Ọdún kejì tí mo di nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn kan l'Ékòó. Aboyún kan wọlé, ojú rẹ̀ òsì wú, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í gbàgbà. Mo ní, "Mọ́mì, kí ló ṣe yín lójú?" Kó tó lanu, ọkọ ti fèsì: "Ó ṣubú ní bálùwẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sí fáìlì. Obìnrin náà ń wolẹ̀, ó ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u. A ò rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nígbà tí irú rẹ̀ tún dé, mo gbé ike lé obìnrin náà lọ́wọ́, mo ní ká lọ gba ìtọ̀. Gbogbo aboyún la máa ń yẹ ìtọ̀ wọn wò, kò sí ohun tí ọkọ máa fura sí. Àmọ́ ó dìde. Mo ní, "Dádì, ẹ jókòó, ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin ni." Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ti rí apá obìnrin náà: àmì lílù kan ṣì pọ́n, òmíràn ti ń di àwọ̀ ìyeyè. Ó jọ pé wọn kì í ṣe ti ọjọ́ kan náà. Mo rọra bi í pé, "Ṣé ẹnì kan ń lù yín nílé?" Ẹkún ló bú sí.

Mo ní mo gbà á gbọ́, pé kò jẹ̀bi. Mi ò ní kó lọ ní sùúrù. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ó sì ń dùn mí gan-an. Mi ò sì ní kó kó ẹrù jáde lọ́jọ́ náà, torí ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ lọ ni ewu máa ń le jù. Mo bi í bóyá ọkọ ti fún un lọ́rùn rí, tàbí kó yọ ọ̀bẹ sí i, bóyá ó lè sùn nílé lálẹ́ yẹn. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo sì ya ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe tóbi tó.

Mo sọ fún un pé láti 2007 l'Ékòó ti ní òfin tí kóòtù fi lè pàṣẹ kí ọkọ má fọwọ́ kàn án mọ́, pé DSVA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà fún àwọn tí wọ́n ń lù nílé tàbí tí wọ́n fipá bá lò, á ràn án lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Kò jẹ́ kí n kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, ọkọ máa ń tú báàgì rẹ̀. A bá kọ́ ọ sórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á fún mi, kó tó gbé ike ìtọ̀ rẹ̀ padà lọ bá ọkọ.