Ọmọ mi fẹ́ ṣe zine nípa jíjẹ́ ọmọ Filipínì, bàbá rẹ̀ ní òun ò rí ara òun nínú rẹ̀

ÌyáỌmọMéjì, London

Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ará Filipínì ni ọkọ mi, láti Ilocos Norte ní àríwá ibẹ̀; nọ́ọ̀sì lèmi, nọ́ọ̀sì lòun náà, ẹnu iṣẹ́ la ti pàdé. Ọmọbìnrin wa tó ń lọ sí ọdún mẹ́tàdínlógún ní òun fẹ́ ṣe zine, àwọn ìwé pélébé tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó ń ya àwòrán sí, tó ń lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, tó sì ń tà tàbí fi tọrẹ. Ó ti to ohun tó fẹ́ fi sí i sílẹ̀: Jollibee (ilé oúnjẹ tí oyin jẹ́ àmì rẹ̀), jeepney (ọkọ̀ èrò wọn), karaoke, Manny Pacquiao (akànṣẹ́), ìdíje arẹwà obìnrin, adobo (ọbẹ̀ ẹran wọn), Lapu-Lapu (akọni olóyè ayé àtijọ́). Ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Ìyẹn kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, èmi dà níbẹ̀?" Látìgbà yẹn, ọmọ ti fojú lé ilẹ̀ fún gbogbo wa.

Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ nǹkan kan nípa títẹ̀wé. Ṣé ó lè ya oyin Jollibee yẹn láì sí wàhálà? Ìbátan bàbá rẹ̀ kan ní Manila ní òun lè bá a ṣe ẹ̀dà tiwọn lọ́hùn-ún. Ṣé ká kàn fi fáìlì ránṣẹ́ sí i ni?

Nọ́ọ̀sìLeeds

Ẹ kú ọmọ o. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi bébà ṣe láyé òde òní? Kó gbé e sórí Instagram, ẹgbẹ̀rún èèyàn á rí i kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn ará Filipínì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, wọn kì í kúrò lórí fóònù wọn.

Akọ̀wéCubao

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Cubao ní Quezon City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manila, ni mo ń gbé. Ìwé ni mo wá kà níbí, ìlú náà sì mú mi dúró. Ẹ bá mi bẹ ọmọ náà kó má bínú, torí ìbéèrè bàbá rẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Ohun tó tò sílẹ̀, àlejò tó lo ọ̀sẹ̀ kan ní Manila lè tò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ibí kì í kọ nípa Jollibee. Ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣe fún un ní Jollibee ló máa ń kọ, bí oyin gbàǹgbà yẹn ṣe jó jáde, tí òun fi sá sábẹ́ tábìlì. Ìtàn yẹn ti pọ̀ létí mi níbí. Pé ṣọ́ọ̀bù áísìkirímù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní Cubao lọ́dún 1975, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á wá a kàn fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiyín, Earl's Court ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i ní 2018. Ṣé bàbá rẹ̀ tò lórí ìlà? Nígbà tí spaghetti aládùn yẹn dé, ta ló jẹ ẹ́, ta ló ṣa hot dog inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo? Kó kọ ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jeepney. Kó má bẹ̀rẹ̀ látorí jeep tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gbogbo ìwé arìnrìn-àjò ló ti sọ ọ́ tán. Kí ni wọ́n kọ sára èyí tó ń gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé ìwé? Wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ onímọ́tò, orúkọ ẹni mímọ́, "Basta driver, sweet lover" (ẹni tó bá ti jẹ́ awakọ̀, olólùfẹ́ aládùn ni), bíi ti ẹ̀yìn dánfó lọ́dọ̀ wa. Àwọn tuntun tí ètò ìjọba ti 2017 mú wá, bọ́ọ̀sì kékeré ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n tutù nínú, mo fẹ́ràn wọn nígbà oòrùn, àmọ́ kò sí ohun téèyàn máa kà lára wọn.

Ohun tó ká mi lára jù: ará Ilocos ni bàbá, kò sì sí Ilocos kankan nínú àkójọ ọmọ. Lapu-Lapu, erékùṣù Mactan ló wà, lọ́dọ̀ ẹ̀yà Bisaya. Ìyókù, tẹlifíṣọ̀n Manila ló kó o fún un. Empanada ti Batac, ìpápánu dídín ti Ilocos dà, èyí tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, tí wọ́n fi ìbẹ́pẹ tútù, ẹyin àti longganisa (sọ́séèjì wọn) sí nínú? Níbi tí bàbá rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀ ní Ilokano, èdè Ilocos, kó kọ ọ́ ní Ilokano kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yé yóò rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò yé yóò béèrè.

Nọ́ọ̀sìLeeds, ọ̀rọ̀ bébà kì í ṣe eré níbí. Nígbà tí Ààrẹ Ferdinand Marcos kéde ìjọba ológun ní September 1972, tó ti àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn pa, mimeograph, ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé, ni àwọn tí kò gbà fi ń tẹ ìròyìn lábẹ́lẹ̀. Kómíìkì tí àwọn òbí àwọn ọ̀rẹ́ mi kà dàgbà, wọ́n ń háyà rẹ̀ ní ìsọ̀ ni, wọ́n á kà á lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á dá a padà. Trese, kómíìkì tó dé Netflix ní 2021, fọ́tòkọ́pì ni Budjette Tan àti Kajo Baldisimo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìpàtẹ zine kan sì wà níbí tó ń jẹ́ BLTX, Better Living Through Xeroxography. Ewì, àwòrán, ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìsọkúsọ, gbogbo ẹ̀ ló ń bá ara wọn jókòó lórí tábìlì. Ẹlòmíì ò ní gbowó rẹ, á ní kó o mú tìẹ wá ká ṣe pàṣípààrọ̀. Ìyẹn ò ṣeé ṣe lórí Instagram.

Atẹ̀wéPeckham

Ẹ̀gbọ́n Cubao ti sọ tàwọn òǹkọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n sọ tàwa tí tádàwà wà léèékánná wa.

A4 kan tí ẹ ká sí méjì, ojú ìwé mẹ́rin nìyẹn. Nítorí náà, iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ 8, 12, 16, 20, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá kọ 14 máa wá ohun tó máa fi kún méjì ní òru. Tó bá kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò, bébà kan ṣoṣo tó: ká a sí mẹ́jọ, fi sísọ́ọ̀sì la àárín, yóò di ìwé kékeré olójú mẹ́jọ láì lo sítépúlà. Tó bá jẹ́ onísítépúlà, kó yá èyí tí apá rẹ̀ gùn, ti ọ́fíìsì kì í dé àárín. Kó fi àlà funfun tó tó mìlímítà 5 sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kì í tẹ etí bébà. Fọ́tò ẹbí tó bá ṣókùnkùn, kó kọ́kọ́ mú un mọ́lẹ̀ dáadáa. Fọ́tòkọ́pì máa ń sọ ojú èèyàn di èédú.

Ẹ má fi fáìlì A4 ránṣẹ́ sí Manila láì béèrè o. Bébà tí wọ́n ń pè ní short lọ́hùn-ún jẹ́ íǹṣì 8.5 sí 11, ó fẹ̀ ju A4 díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi bíi mìlímítà 18 kúrú sí i. Àkọlé lè gé dànù. Ẹ ní kí ìbátan yín wá A4, tàbí kí ọmọ tún un tò fún short.

Riso, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, lẹ máa gbọ́ tí wọ́n á máa pariwo. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba inú ẹ̀rọ kọjá lọ́tọ̀, píǹkì rẹ̀ sì ń tàn yòò, ṣùgbọ́n tádàwà rẹ̀ máa ń kó sọ́wọ́. Fún ogún ẹ̀dà, fọ́tòkọ́pì ti tó.

Ti oyin: látọdún 2014, òfin UK fàyè gba fífi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe ẹ̀fẹ̀ tàbí yẹ̀yẹ́, bí kò bá ti kọjá ààlà. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ yà á nínú ìtàn tirẹ̀. Kó má lẹ lógò wọn mọ́ iwájú ìwé bíi pé àwọn ló gbé e jáde. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ síta, British Library, ilé ìkàwé àgbà UK, ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà kan láàárín oṣù kan, zine náà ò yọ sílẹ̀.

ÌyáỌmọMéjì, London

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ Cubao fún àwọn méjèèjì. Lánàá, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa balikbayan box, páálí ńlá tí wọ́n ń kó corned beef, lóṣọ̀n, ṣokoléètì àti táwẹ́ẹ̀lì sí ránṣẹ́ sílé. Ó ní nígbà tí ìyá òun ń ṣiṣẹ́ ní Hong Kong, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lé bébà, wọ́n á fi bírò fà á yí ká, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i kó lè mọ bàtà tó máa rà. Ọmọ gbé àkójọ àkọ́kọ́ sí apá kan. Ẹsẹ̀ ló fẹ́ yà báyìí: ti bàbá rẹ̀, ti àwọn ìbátan rẹ̀, tirẹ̀. Ó sì fẹ́ kó jẹ́ bó ṣe tóbi gan-an. Ṣé ó máa wọ inú ìwé kékeré?

Atẹ̀wéPeckham

Ó máa wọ̀. A4 gùn tó mìlímítà 297, ẹsẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 24 á nà lórí ojú ìwé méjì tó kọjú síra. Àárín ìwé nìkan ni ojú méjèèjì ti wà lórí bébà kan náà, kó fi ẹsẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù síbẹ̀. Àwọn ìyókù, ìdajì á wà lórí bébà kan, ìdajì á wà lórí òmíràn, kó fara balẹ̀ tò wọ́n kí àtẹ́lẹsẹ̀ má yà.

Akọ̀wéCubao

Ti bàbá ni kó fi sáàárín. Ẹ bá mi fi ẹ̀dà kan pamọ́, màá fi tèmi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ sì bi bàbá rẹ̀ bóyá bàtà náà bá a mu nígbà tó dé.