Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá gbogbo ọkàn ni mo fi ń sin Ọlọ́run?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Nínú Kíróníkà Kejì, orí 25, a kà pé Amasáyà ọba Júdà ṣe ohun tí ó tọ́ lójú Olúwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ọkàn pípé. Èmi náà kì í pa ìsìn jẹ, mo sì ń san ìdámẹ́wàá. Síbẹ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ gbàdúrà ní ìdájí, owó ọjà ni mo máa ń ṣírò lórí ìkúnlẹ̀ (ojú tì mí láti sọ ọ́) títí àkùkọ yóò fi kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lọ́nà yìí, kí ni ẹ ṣe tí ọkàn yín fi dúró sójú kan? Ṣé ààwẹ̀ ni, àbí kí n máa ka Sáàmù sókè kí n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà?