Ìdáhùn lórí «liability»: ẹ má jẹ́ ká tẹ «ẹ̀bi» sínú ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Ohun tí wọ́n bi wá ni pé kí la máa kọ fún «liability», ìyẹn ohun tí òfin ní kí èèyàn san nígbà tí òfò bá ṣẹlẹ̀, nínú ìwé àlàyé òfin tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọlọ́kọ̀ tírélà, àwọn onítáńkà àti àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Nàìjíríà. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: ẹ̀bi, ojúṣe, àti ìdúró, èyí tí wọ́n fà yọ lára oníduró. Mo kí àwọn tó mú wọn wá, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n tẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tọ́ nínú irú ìwé yìí, owó ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà á gbọ́.

Ẹ̀bi ló léwu jù. Létí Yorùbá, ẹni tó ṣe àìdáa ló jẹ̀bi. Bí a bá kọ ọ́ pé «ọlọ́kọ̀ ló lẹ̀bi», ẹni tó ni tírélà mẹ́ta, tó wà nílé rẹ̀ ní Mile 2 nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ lọ kọlu ọkọ̀ ní Ṣágámù, á ní: «Èmi kọ́ ni mo wà á.» Òótọ́ ló sọ. Bí ìjọba bá pẹjọ́ ìwàkuwà, awakọ̀ ló máa jẹ́ ẹ, òun sì ni wọ́n máa rán lẹ́wọ̀n. Ẹjọ́ kejì ni ọlọ́kọ̀ kò rí: èyí tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, tàbí ẹbí ẹni tó kú, máa pè láti gba owó gbà-máà-bínú. Wọ́n lè pe awakọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì gba gbogbo owó tí adájọ́ bá dá lọ́wọ́ èyí tó bá ní in. Ta ló ní in? Kì í ṣe awakọ̀.

Òfin ọdún 2010 lórí gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ tilẹ̀ lé ẹ̀bi jáde pátápátá. Agbanisíṣẹ́ á máa san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san gbà-máà-bínú náà. Bí ọmọ ọkọ̀ bá ṣèṣe níbi tó ti ń já ẹrù, òun tàbí ẹbí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ló jẹ̀bi kí owó tó jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá ń rò pé ẹ̀bi ni wọ́n fẹ́ dì lé òun lórí kò ní kọ ìwé yẹn. Yóò fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ á fi kọjá.

Ojúṣe kò burú, àmọ́ iwájú ló wà. Ojúṣe ni pé kí o yẹ bíréèkì wò kí ọkọ̀ tó jáde ní gárèjì. Ohun tó kù sí ọ lọ́rùn lẹ́yìn tí bíréèkì ti já, tí ọkọ̀ ti wọ inú ọjà, ni à ń wá orúkọ fún.

Oníduró ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi ni. Gbogbo ẹni tó ti gba èèyàn jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n oníduró fẹnu ara rẹ̀ gbà láti dúró ni. Ọlọ́kọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni dúró, òfin ló nà án dúró. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ fún ibi tó yẹ ẹ nínú ìwé kan náà, ìyẹn orí tó sọ nípa kọ́ńpánì. Òfin CAMA ti ọdún 2020, tó ń ṣàkóso kọ́ńpánì, gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpánì «Ltd» sílẹ̀, gbèsè kọ́ńpánì náà kò sì dé orí ilé tó ń gbé. Ẹni tó forúkọ òwò lásán sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpánì àti òwò sílẹ̀, kò ní ààbò yẹn o. Òun àti òwò rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin, ilẹ̀ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n lè tà láti fi san owó ẹjọ́. Àní ẹni tó ní «Ltd» náà lè fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri rẹ̀, bó bá fọwọ́ sí ìwé tí bánkì gbé wá pé òun fúnra òun ṣe oníduró owó tí kọ́ńpánì yá. Níbẹ̀ gan-an ni oníduró ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Àbá tèmi ni gbèsè òfò. Ẹni tó fọ́ ìkòkò oníkòkò jẹ gbèsè ìkòkò, ì báà mọ̀ ọ́n mọ̀ fọ́ ọ, ì báà ṣèèṣì. Àwọn oníṣirò owó ti ń lo gbèsè tẹ́lẹ̀ fún ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san, òfò sì ti wà nínú adójútòfò tí gbogbo ayé mọ̀. Ó lè ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú: «kọ́ńpánì náà jẹ gbèsè òfò».

Lábẹ́ rẹ̀, a nílò ọ̀rọ̀ méjì. Èyí tí èèyàn fúnra rẹ̀ fà, a ti ní i: òfò àfọwọ́fà. Ọ̀gá tó mọ̀ pé táyà ti jẹ tán, tó sì rán ọkọ̀ lọ sí Kánò, àfọwọ́fà nìyẹn. Èyí tí ọmọ iṣẹ́ fà, tó wá já lé ọ̀gá lórí, mo pè é ní òfò àfọmọṣẹ́fà. Ẹnì kan mú «ẹni tó lẹrú ló lẹrù» wá fún èyí. Òwe náà bá a mu, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kí ìwé tí awakọ̀ náà yóò kà pè é lẹ́rú.

Ìgbà wo ni àfọmọṣẹ́fà ń kan ọ̀gá? Nínú ìwé àlàyé náà bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, «nígbà iṣẹ́» ni wọ́n kọ. Ẹ jọ̀ọ́, «lẹ́nu iṣẹ́» ni. Nígbà iṣẹ́ ń wo aago, òfin sì ń wo iṣẹ́ tí a rán an. Awakọ̀ tó ń dá ọkọ̀ padà sí gárèjì ní aago 11 alẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ mẹ́ta lórí ọ́mníbọ́ọ̀sì, ìyẹn bọ́ọ̀sì ayé àtijọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wà nínú òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, là á yéni. Lọ́dún 1862, awakọ̀ kan dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ kọ́ńpánì rẹ̀ ti kọ ọ́ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sáré. Kọ́ńpánì san, torí iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń ṣe, bó tilẹ̀ ṣe é lọ́nà tí wọ́n kọ̀. Lọ́dún 1900, kọ̀ńdọ́ ló dá wa bọ́ọ̀sì. Kọ́ńpánì kò san, torí ọkọ̀ wíwà kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ńdọ́. Àmọ́ lọ́dún 1915, kọ̀ńdọ́ wà á nígbà tí awakọ̀ jókòó tì í. Kọ́ńpánì san, torí awakọ̀ ló kùnà láti ṣọ́ ọkọ̀ tí a fi lé e lọ́wọ́. Kí ọlọ́kọ̀ wa fi ọmọ ọkọ̀ sí ipò kọ̀ńdọ́, yóò rí i pé «má sáré» tí òun kọ sára ọkọ̀ kò gba òun.

Ohun kan wà tí ìwé náà kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Orúkọ tó wà lórí pátíkúlà ni ilé-ẹjọ́ máa kọ́kọ́ wò, ẹni tó ni orúkọ náà ló sì máa fẹ̀rí hàn pé awakọ̀ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ òun. Ẹni tó bá ta ọkọ̀ láìpààrọ̀ orúkọ ti gbé ara rẹ̀ sínú ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Lórí «negligence», ìyẹn kí èèyàn má ṣọ́ra tó bó ti yẹ, àìbìkítà tí wọ́n kọ kò tó. Ọkàn èèyàn ló ń sọ. Ẹni tó bìkítà gidigidi lè gbàgbé láti ti irin tó ń de kọ̀ǹténà mọ́ ọkọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òfin kò sì bìkítà nípa ọkàn rẹ̀. Kọ̀ǹténà tó ṣubú lu bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gba ní January 29, 2023 pa èèyàn 9. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ni pé ṣé a ṣe ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ra yóò ṣe? Ìkùnà ìṣọ́ra ni mo dábàá.

«Third party», ìyẹn ará ìta tí ọkọ̀ ṣe lọ́ṣẹ́, tí wọ́n pè ní «ẹni kẹta», yóò da ọ̀pọ̀ lójú rú, torí kò sẹ́ni tó sọ ta ni èkíní àti èkejì. Ẹ kọ ìdójútòfò ará ìta, kí ẹ sì fi iye sí i. Láti January 1, 2023, ₦100,000 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso adójútòfò, ní kí ọkọ̀ akẹ́rù agbowó san, ₦5,000,000 sì ni òpin ohun tí adójútòfò máa san lórí dúkìá tó bàjẹ́. Bí jíìpù ₦20,000,000 bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ₦15,000,000 tó kù, gbèsè òfò ọlọ́kọ̀ ni. Ẹrù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ìdójútòfò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Kí wọ́n sì tẹ *565*11# lórí fóònù láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé ọwọ́ wọn kì í ṣe ayédèrú.

Mo mọ àtakò tó lágbára jù sí àbá mi: bí atẹ̀wé bá yọ àmì ohùn kúrò, gbèsè òfò lè di gbèsè òfo, ìyẹn gbèsè tí kò sí, olófò náà á sì di èébú. Nítorí náà, kí wọ́n tẹ àmì sórí ọ̀rọ̀ méjèèjì níbi gbogbo, ì báà jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ìyókù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò dúró láìsí àmì, màá fi tèmi sílẹ̀ fún un. Mo tún ń wá ọ̀rọ̀ fún ìgbà tí ẹni tó fara gbá òfò náà bá ní ìpín nínú ohun tó fà á, tí adájọ́ wá yọ ìdá 30 nínú 100 kúrò, tí ₦10,000,000 di ₦7,000,000.