Ta ni àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri yìí?

Awòran-má-ṣẹ́jú béèrè:

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn eré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí mi ò lè wo eré apanilẹ́rìn-ín kan parí mọ́, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn eré ló sì fà á. Òṣèré á sọ̀rọ̀ tí kò lè pa ọmọ ọwọ́ lẹ́rìn-ín, kíá, ẹ̀rín á ti bú lẹ́yìn ògiri. Ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Á tún tì í, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jókòó nílé, ojú mi á le koko bíi ti ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Mo ní M*A*S*H lórí DVD, eré àwọn dókítà ológun tó ń ṣiṣẹ́ abẹ nígbà ogun Korea. (Ogun ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò ju ọdún 3 lọ, 1950 sí 1953. Eré tí wọ́n fi ṣe lo ọdún 11 lórí tẹlifíṣọ̀n, 1972 sí 1983. Ìyẹn nìkan ti tó àwàdà.) Mo ń wá ibi tí mo ti lè yí èdè rẹ̀ padà ni mo bá rí i pé àyè wà láti yọ ẹ̀rín kúrò pátápátá. Mo yọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, eré mìíràn ló jáde! Hawkeye, ìyẹn ẹni tí Alan Alda ṣe, tí mo ti ń pè ní aláwàdà tí ayé ń dùn mọ́, wá di ẹni tó ń ṣàwàdà kí orí rẹ̀ má baà dàrú. Ó sọ̀kan, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó tún sọ òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yí padà rárá.

Láti ọjọ́ náà ni etí mi ti bàjẹ́, kì í sì í ṣe lórí àwàdà nìkan o. Mò ń wo fíìmù, ìyá àti ọmọ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, dùùrù á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, inú á bí mi: wọ́n ti ní kí n máa sunkún nìyẹn. Ti géèmù ló tún wá burú jù. Mo ti sá, mo ti fò, mo ti kú nígbà mẹ́jọ, mo wá dé iwájú ọ̀tá tí mo ti ń lé láti ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti gba eré lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa fi fíìmù hàn mí, tí akọni mi á máa ja ìjà tó jẹ́ tèmi. Èmi á wá di pádì mú lásán, bí ọmọdé tí wọ́n gbé sórí itan awakọ̀ tí wọ́n ní kó máa wakọ̀.

Ṣé èmi nìkan ni? Ṣé iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀rín yẹn, orin yẹn, àti fíìmù àárín géèmù yẹn ń ṣe tí ojú mi ò rí, àbí wọ́n kàn kà wá sí òpònú ni?

Gbohùngbohùn:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kò sóhun tó ṣe etí yín, àmọ́ nǹkan méjì lẹ dà pọ̀ mọ́ra.

Ẹ̀rín kan wà tó jẹ́ tòótọ́. Láti ìgbà I Love Lucy, ní 1951, ni wọ́n ti ń fi kámẹ́rà mẹ́ta ya eré lẹ́ẹ̀kan náà níwájú àwọn èèyàn tó jókòó. Níwájú èèyàn bẹ́ẹ̀ náà ni Friends ti ń ya tiwọn láti 1994 títí wọ́n fi parí ní 2004. Àwọn òǹwòran lè jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí nítorí eré tí kò tó ìdajì wákàtí. Tí àwàdà kan bá já sí òfo, àwọn tó kọ ọ́ á kó ara wọn jọ, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òṣèré á tún un ṣe. Irú òṣèré bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀rín náà, ó sì ń dúró dè é bí oníjó ṣe ń dúró de ìlù. Ẹ ti rí àwọn fídíò tí wọ́n ti yọ ẹ̀rín kúrò nínú Friends? Òṣèré á sọ̀rọ̀ tán, á wá dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ á dí, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó kàn. Àwọn èèyàn á ní "ẹ ò rí i pé kò pani lẹ́rìn-ín rárá." Ẹ yọ ìlù kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó, ẹ wá ń sọ pé ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Ti M*A*S*H yín yàtọ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Inú àpótí ló ti ń wá. Onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn kan wà tó ń jẹ́ Charley Douglass, òun ló ṣe àpótí náà láàárín àwọn ọdún 1950. Ó ní bọ́tìnnì bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní irú ẹ̀rín tirẹ̀: ẹ̀rín abẹ́nú, ẹ̀rín ńlá ọkùnrin, ẹ̀rín obìnrin tí kò lè dá a dúró mọ́, àti ti ẹni tí àwàdà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé nígbà tí àwọn yòókù ti rẹ́rìn-ín tán. Pẹ́dáàlì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tó fi ń jẹ́ kí ẹ̀rín náà rọra kú lọ. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ló ń fi sí i lára, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ wá fọkàn yàwòrán rẹ̀: àgbà ọkùnrin kan jókòó, ó ń wo eré tí kò ní ohùn òǹwòran, ó ń tẹ ẹ̀rín bí ẹni ń tẹ dùùrù. Lójú tèmi, òun ló kọ́kọ́ ṣe géèmù nínú gbogbo wa.

Larry Gelbart tó gbé eré náà kalẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ ẹ̀rín yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní àfi dandan. Ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí ni pé ẹ̀rín kò gbọdọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí BBC ń gbé e jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yọ ẹ̀rín náà kúrò. Ẹ wá rí i pé ẹni tó ni eré gan-an ń bẹ lẹ́yìn yín.

Síbẹ̀, mo fẹ́ rán yín níṣẹ́ kan. Ẹ dá ẹ̀rín yẹn padà fún ọjọ́ kan péré, kí ẹ wo èyí tó gbẹ̀yìn ní sáà kẹta. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín Òfégè:

Ẹ má bá mi yọ ẹ̀rín kankan o. Èmi nìkan ni mò ń gbé. Tí mo bá ti tan tẹlifíṣọ̀n, ilé kún nìyẹn.

Ọ̀gá Pádì:

Mo wá nítorí ọ̀rọ̀ géèmù. Ẹ fi tàwọn tó kù sílẹ̀.

Ẹni tó bá kórìíra cutscene, ìyẹn fíìmù àárín géèmù, bíi tiyín, Half-Life ti 1998 ni kó lọ ṣe. Inú ọkọ̀ ojú irin ló ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ náà ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, ẹ lè rìn nínú rẹ̀, ẹ lè yọjú lójú fèrèsé, ẹ sì lè dojú kọ ògiri títí tí ẹ ó fi débẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti gba ojú lọ́wọ́ yín. Gordon Freeman tí ẹ jẹ́ kò lanu sọ gbólóhùn kan. Mo rántí pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pàtàkì fún mi, èmi ń wo àjà. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe nípàdé ibi iṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Ní ìdàkejì ni Metal Gear Solid 4 ti Hideo Kojima, 2008. Ìparí rẹ̀ nìkan, tí ẹ kàn ń wò, ó ju wákàtí kan lọ. Mo sùn lọ. Mo jí, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú géèmù náà títí dòní.

Àmọ́ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá rèé, ẹni tí kò bá tíì ṣe The Last of Us kó fo ibí yìí. Géèmù 2013 ni mò ń sọ. Ní ìparí rẹ̀, Joel, akọni tí à ń ṣe, wọ yàrá iṣẹ́ abẹ (ẹ tún gbọ́, yàrá iṣẹ́ abẹ!) láti gbé Ellie, ọmọbìnrin tó ń dáàbò bò, jáde. Dókítà kan dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré, kò fẹ́ kó gbé e. Èèyàn á rò pé fíìmù ló kàn. Rárá o, pádì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo wá ilẹ̀kùn mìíràn káàkiri ògiri, kò sí. Àfi kí n pa dókítà náà. Mo gbé pádì sórí àga, mo lọ mu omi. Nígbà tí mo padà dé, ó ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Nígbà tí wọ́n wá fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní 2023, mo wo ibẹ̀. Eré tó dára ni, ó sì dùn mí fún gbogbo wọn. Àmọ́ Joel ló yìnbọn. Nínú géèmù, èmi ni.

Kí ẹ tó wá sọ pé mo ti gbè sẹ́yìn yín: ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí fún mi o. Wọn ò gbà mí láyè láti yan ohunkóhun. Wọ́n kàn fi pádì sílẹ̀ lọ́wọ́ mi kí ẹ̀bi lè jẹ́ tèmi. Ẹ̀yin ń ráhùn pé wọ́n ń gba pádì lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí wọn ò gbà á ni wọ́n ṣe mí níkà jù lọ.

Ìyá Sinimá:

Àbúrò, mo kí ẹ. Orin ni kí n dá sí, torí òun lo fojú di jù.

Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù, nígbà tó ń ṣe Psycho ní 1960, kò fẹ́ orin kankan níbi tí wọ́n ti gún obìnrin kan lọ́bẹ nínú ilé ìwẹ̀. Ohùn omi àti igbe nìkan ló fẹ́. Bernard Herrmann tó ń ṣe orin fíìmù náà kò gbọ́, ó kọ ọ́, fáyólìn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ olókùn nìkan, kò sí fèrè, kò sí ìlù. Nígbà tí ọ̀gá gbọ́ ọ, ó gbà pé òun ló ṣìnà. Ní 1963, ọ̀gá yìí kan náà ṣe The Birds, kò fi orin sí i bí wọ́n ṣe ń fi sí fíìmù, igbe ẹyẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ló kún ibẹ̀. Mọ ẹni tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ohùn ẹyẹ yẹn? Herrmann yìí náà ni.

Nítorí náà kì í ṣe orin lọ̀tá rẹ. Dùùrù tó ń bí ọ nínú, ohun tí ojú rẹ ti rí ló tún ń sọ fún ọ. Fáyólìn Psycho kò sọ fún ọ pé kí ẹ̀rù bà ọ́. Òun gan-an ni ọ̀bẹ.

Awòran-má-ṣẹ́jú:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá Pádì, o ò jẹ́ kí n sùn. Mo ń ro ti dókítà yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì ṣe géèmù yẹn tán ní tèmi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn láìronú lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn yìnbọn ni. Ìyẹn ń dùn mí báyìí.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín torí pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, mi ò tíì dárí jì wọ́n o. Ìyẹn ò yí padà.

Ṣùgbọ́n mo jẹ́ iṣẹ́ tí Gbohùngbohùn rán mi. Mo dá ẹ̀rín padà, mo wo eré tó parí sáà kẹta, ti 1975. Henry Blake, ọ̀gá wọn, ni wọ́n ní kó máa lọ sílé, iṣẹ́ ológun rẹ̀ ti parí. Àpótí Douglass ń ṣiṣẹ́ kíkan, gbogbo gbólóhùn ló ń gba ẹ̀rín. Henry wọ kóòtù, ó dágbére fún wọn, ó wọ hẹlikópítà, ó lọ. Lẹ́yìn náà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Radar, akọ̀wé wọn, wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò bo imú. Wọ́n ní kó lọ bo imú. Kò dá wọn lóhùn, ó kàn ka ohun tó wà nínú ìwé náà: wọ́n ti yìnbọn lu ọkọ̀ òfuurufú tó gbé Henry, ó já sínú òkun Japan, kò sẹ́ni tó là á já. Wọn ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Irin iṣẹ́ kan bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó dún lórí ilẹ̀.

Mo ti wo eré yìí láìsí ẹ̀rín lóṣù tó kọjá, ó dùn mí nígbà náà, mo sì bá tèmi lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, bí gbogbo rẹ̀ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́, ni ìyàwó mi, tó ń ká aṣọ ní yàrá kejì tí kò tilẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, bá pè mí:

"Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?"